Tẹlifíṣàn Tí O Rà fún Màmá

Gi-tae, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ láti inú òtútù ilé wa títí dé inú oòrùn ibi tí o wà. Ṣé ara le? Ẹsẹ̀ tí o ní ó máa ń wú bí o bá dúró pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ńkọ́, ṣé wíwú náà ti lọ sílẹ̀? Mo gbàdúrà kí lẹ́tà yìí bá ọ ní àlàáfíà, kí oòrùn aṣálẹ̀ má sì yan ọ́ gbẹ bí ẹja tí a sá sórí igi. Àwa náà wà láàyè. Yìnyín ti bo òkè tó wà lẹ́yìn ilé wa, ewébẹ̀ tí a rẹ sínú ìkòkò fún kimchi ọdún yìí kan dáadáa, orúnkún mi sì ń dùn mí bó ṣe máa ń ṣe.

Mo mọ̀ pé wàá máa rò ó pé kí ló dé tí mo fi ń kọ̀wé nígbà tí fóònù wà. O mọ bí ilé wa ṣe rí. Bí mo bá wúkọ́ nílé ìdáná, Màmá á bi mí láti inú yàrá pé kí ló ṣe mí. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe èyí tí mo lè máa pariwo rẹ̀ sí ọ létí nígbà tí àwọn fúnra wọn wà nítòsí. Mo sì mọ̀ pé inú rẹ bàjẹ́. O pe Màmá lọ́jọ́ ìbí wọn, wọ́n rí ojú rẹ, wọ́n sì fa wáyà iná yọ. Láti ìgbà náà lo ti ń rò pé o ṣẹ̀ wọ́n. O ò ṣẹ̀ wọ́n rárá.

Tẹlifíṣàn tí o ní kí Pyo ọ̀rẹ́ rẹ oníṣọ́ọ̀bù gbé wá fún Màmá dé nígbà tí ewé igi ń pọ́n. Pyo fúnra rẹ̀ ló gbé e wá nínú páálí tuntun, ó sì gbé e kọ́ sára ògiri, ní iwájú ibi tí Màmá máa ń jókòó sí. Ó fẹ̀ débi pé agbára káká ni a fi ń rí ògiri. Ìyá Yeongwol tí ilé wọn kọjú sí tiwa wá wò ó, wọ́n jẹ ọ̀dùnkún wa tán síbẹ̀, wọ́n wá ní, "Ọmọ yín ọkùnrin gbìyànjú o. Tèmi, ọ̀rọ̀ ẹnu ló ń fi ránṣẹ́ sí mi." Inú Màmá dùn débi pé wọ́n ń dá ẹni tó ń ka ìròyìn lóhùn.

Kò pẹ́ tí mo fi rí àbùkù ara tẹlifíṣàn náà. Bí àwọ̀ oríṣiríṣi bá wà lójú rẹ̀, o ò ní rí nǹkan kan. Àmọ́ bí ohun funfun bá bò ó, bíi yìnyín tàbí ojú ọ̀run, nǹkan kan máa ń yọ lábẹ́ rẹ̀. Ìlà méjì tó ṣú díẹ̀ ni, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, wọ́n sì dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ sísàlẹ̀ bí òrùlé ilé. Ìlà mìíràn tún wà nísàlẹ̀ tó lọ tààrà. Láàárín wọn, kò sí ohunkóhun.

Mo ránṣẹ́ pe Pyo. Ó fi aṣọ nù ún, ó tẹ rìmóòtù síwá sẹ́yìn, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, tẹlifíṣàn tuntun dà bíi bàtà tuntun, ó ní láti kọ́kọ́ mọ ẹsẹ̀ ẹni. Ẹ máa tàn án sílẹ̀, á lọ." Mo ní kó wò ó dáadáa. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ojú yín ni. Ẹ lọ gba awò." Mo sọ fún un pé ojú tó rí i nígbà tó ń jí èso lórí igi Bàbá kò tíì fọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò tún wo tẹlifíṣàn náà mọ́. Ńṣe ló ń wá bàtà rẹ̀.

Màmá ló kọ́kọ́ mọ ohun tí nǹkan náà jẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ń fi yìnyín orí òkè hàn lórí ìròyìn, gbogbo ojú tẹlifíṣàn funfun báláú. Wọ́n pè mí jẹ́jẹ́, wọ́n ní, "Mal-suk, wá wò ó. Fọ́tò òkú ni." Gi-tae, bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. O mọ ọ̀já dúdú tí a máa ń fà sí igun méjèèjì fọ́tò ẹni tó bá kú. Ọ̀já náà nìyẹn, etí férémù náà nìyẹn, ojú nìkan ni kò sí níbẹ̀. Bí obìnrin tó ń ka ìròyìn ṣe yọ, inú rẹ̀ ló jókòó sí. Ọkùnrin kan tó ń polówó ṣòkòtò jókòó síbẹ̀ náà, ó ń rẹ́rìn-ín. Màmá wá tẹ̀ síwájú láti wò ó dáadáa, mo sì rí òjìji ojú àwọn fúnra wọn nínú gíláàsì náà, láàárín ọ̀já méjèèjì.

Mo sọ fún wọn pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Wọn kò bá mi jiyàn. Wọ́n kàn fa tìmùtìmù wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n má bàa dojú kọ ọ́.

Ọjọ́ ìbí wọn ló wá kàn. A se ọbẹ̀ ewé òkun, Màmá sì wọ aṣọ tó dáa. Nígbà tí o pè, ojú tẹlifíṣàn ńlá náà lo ti yọ sí wa, bí Pyo ṣe tò ó. O bọ́ akoto orí rẹ, etí òsì rẹ ta jáde bó ṣe máa ń ta, ògiri funfun sì wà lẹ́yìn rẹ. O ní, "Màmá, ẹ ti jẹ ọbẹ̀ ọjọ́ ìbí yín?" Bí o ṣe ń sọ ọ́ ni ọ̀já dúdú méjèèjì yọ lókè orí rẹ. Ojú rẹ wọ inú àlàfo yẹn géérégé, bí ẹni pé ìwọ ni wọ́n wọn férémù náà fún. Màmá tí ìdìde máa ń ni lára dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà ni wọn kò ti jẹun mọ́. Mo se ògì ìrẹsì, wọ́n ní kí n gbé e sílẹ̀, ó sì tutù síbẹ̀. Wọ́n mú fọ́tò tí wọ́n ti yà pa mọ́ de ọjọ́ ikú wọn jáde láti inú kọ́bọ́ọ̀dù, èyí tí wọ́n wọ aṣọ aláwọ̀ ewé nínú rẹ̀, wọ́n nu gíláàsì rẹ̀. Wọ́n fún Ìyá Yeongwol ní kóòtù òtútù wọn, ìyẹn sì gbà á, ó rò pé inú rere ni. Nígbà tí mo fárí gá pé n kò ní gbà, wọ́n ní, "Férémù yẹn ṣófo. Ó ti wò mí, ó ti wo ọmọ mi. Ẹnì kan máa wọ̀ ọ́ nínú wa. Bí èmi bá tètè lọ, kò ní wá a dé ọ̀hún." Mo ní kí n gbé tẹlifíṣàn náà jù nù. Wọ́n ní, "Ohun tí a bá lé jáde nílé, ẹni tó wà lájò ló máa lọ bá." Ṣé o ti rí i báyìí? Nítorí rẹ ni Màmá ṣe ń febi pa ara wọn. Mo sunkún títí, wọ́n sì ń fi ọwọ́ pa mí lórí bí ẹni pé èmi ni àìsàn ń ṣe. Ọwọ́ wọn ti fúyẹ́ jù, ẹ̀rù bà mí gidigidi.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí ni ikú ọkọ Ìyá Yeongwol. Mo lọ bá wọn gbé oúnjẹ kiri nílé ìsìnkú tó wà láàárín ìlú, níbi tí a tẹ́ Bàbá sí lọ́jọ́sí. Mo gbé àwo ọbẹ̀ ẹran pupa méjì dání, mo fẹ́ wọ yàrá, mo sì gbójú sókè wo tẹlifíṣàn tó wà lára ògiri ẹnu ọ̀nà, èyí tí wọ́n fi ń fi ojú òkú àti orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ hàn. Ọkọ Ìyá Yeongwol ń wò mí láti òkè. Ọ̀já méjì dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ lókè orí wọn bí òrùlé ilé, ìlà kan sì lọ tààrà nísàlẹ̀. Ọbẹ̀ dà sí mi lẹ́sẹ̀, n kò tiẹ̀ mọ̀ pé ó gbóná.

Mo bi obìnrin tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ pé ṣé tuntun ni tẹlifíṣàn wọn. Ó ní, "Kò tíì pẹ́ tí wọ́n pààrọ̀ gbogbo wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin oníṣọ́ọ̀bù yẹn, Pyo, òun ló kó àwọn ògbólógbòó lọ. Ó ní òun máa bá wa kó wọn dànù."

Ọ̀dọ̀ Pyo ni mo gbà lọ, pẹ̀lú aṣọ dúdú àti épúrọ́ọ̀nù lára mi. Mo ní, "Pyo, òkú mélòó lo gbé wá sílé ìyá mi?" Ó jókòó sórí páálí, kò lè wò mí lójú. Ó ní èyí tí o rà gan-an fọ́ mọ́ òun lọ́wọ́ nígbà tí òun ń sọ ọ́ kalẹ̀ nínú mọ́tò, ojú sì ti òun láti sọ fún ọ, lòun fi mú ọ̀kan nínú ti ilé ìsìnkú fi dí i. "Mo nù ún dáadáa, ẹ̀gbọ́n. Mi ò mọ̀ pé ó máa hàn." Ó ní ohun tó bá dúró sójú kan lórí ẹ̀rọ náà lójoojúmọ́ fún ọdún púpọ̀ á wọ̀ ọ́ lára. Àwọn ojú ń yí padà, kò sí èyí tó pẹ́ níbẹ̀, ọ̀já nìkan ni kì í yí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ará ìlú gbọ́. Gílóòbù pàápàá, wọn ò ní rà á lọ́wọ́ mi mọ́." Ó ṣèlérí pé òun á gbé tuntun gidi wá. Mo bi í pé ẹnu ọ̀nà yàrá wo ni ẹ̀rọ wa wà tẹ́lẹ̀. Ó ní yàrá ìpẹ̀kun.

Yàrá tí a tẹ́ Bàbá sí ni, Gi-tae. Ìwọ náà rántí bí yìnyín ṣe dí ọ̀nà nígbà yẹn, tí ọkọ̀ òkú kò lè gun òkè, tí a fi Bàbá síbẹ̀ títí omijé wa fi gbẹ, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í bá fọ́tò wọn ṣàwàdà.

Mo padà sílé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Màmá. Mo ti múra sílẹ̀ de èpè tí wọ́n máa ṣẹ́ fún Pyo. Wọn kò ṣẹ́ ẹyọ kan. Wọ́n kàn bi mí pé, "Yàrá wo?" Mo sọ ọ́. Wọ́n yíjú wo ẹ̀rọ náà tó ṣókùnkùn lára ògiri. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Bàbá yín ló gba ibẹ̀ kọjá. Bàbá yín ò lè mú ọmọ ara rẹ̀." Wọ́n wá ní, "Kí ló wà nílé ìdáná?" Mo bu ìrẹsì àti ọbẹ̀ ẹ̀wà sóyà fún wọn, wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n fi ṣíbí ha ìdí àwo. Mo kọjú sógiri, mo sunkún.

Pyo gbé tuntun dé lọ́jọ́ kejì, ó dọ̀bálẹ̀ síwájú Màmá. Màmá ní kó dìde, kó gbé e lọ sí gbọ̀ngàn àwọn àgbà, kí gbogbo wọn máa rí i wò. Wọ́n ní, "Èyí tí mo ní tó mi."

Nítorí náà ó ṣì wà lára ògiri. Màmá ń jẹun, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ti ń padà bọ̀. Àmọ́ ní ọ̀sán, wọ́n máa ń yí i sí ibi tí kò sí ètò kankan, tí ojú rẹ̀ á funfun. Wọ́n á gbé ìrẹsì síwájú rẹ̀, wọ́n á fi ṣíbí gún un láàárín bí a ṣe ń ṣe fún òkú, wọ́n á jókòó, wọ́n á máa ròyìn fún un, nípa orúnkún mi, nípa iṣẹ́ rẹ. Nígbà mìíràn wọ́n á dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń dá lóhùn, wọ́n á wá rẹ́rìn-ín. Nílé ìdáná ni mo máa ń wà ní gbogbo àkókò yẹn. Mo ń rán ara mi létí ohun tí Pyo sọ, pé kò sí ojú tó pẹ́ níbẹ̀. Inú mi dùn pé ìyá wa ń jẹun, ẹ̀rù sì ń bà mí, méjèèjì ń gbé pọ̀ nínú mi.

Fóònù mi ni kí o máa pè. Màmá ló ní kí n sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí o má bá Pyo jà, kí o sì máa dé akoto rẹ dáadáa, kódà nígbà tí ọ̀gá kò bá sí nítòsí.

Ẹlẹ́dàá á ṣọ́ àtẹ̀gùn tí ò ń gùn àti irin tí ò ń dìmú. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní já sí òfo. Bí o ṣe fi ẹsẹ̀ ara rẹ jáde nílé, ẹsẹ̀ ara rẹ lo máa fi wọlé wá bá wa, Màmá á sì wà níbẹ̀ láti gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ tó pọ̀n ọ́ dàgbà,
Mal-suk

Àfikún: Mo ti lẹ lẹ́tà yìí kí n tó tún ṣí i. O rántí etí òsì Bàbá, tó ta jáde bí ilẹ̀kùn tí ẹnì kan gbàgbé láti tì, èyí tí o jogún tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń ṣe ọ́ ní yẹ̀yẹ́. Ní òwúrọ̀ yìí mo ń nu ojú tẹlifíṣàn náà nígbà tó funfun. Mo rí àbàwọ́n kékeré kan láàárín ọ̀já méjèèjì, níbi tí kò ti sí nǹkan kan tẹ́lẹ̀. Mo nù ún, kò lọ. Mo sún sẹ́yìn títí mo fi dé ẹnu ọ̀nà, kí n lè rí i dáadáa. Etí ni, ó ta jáde. Mo pe Màmá. Wọ́n ń bó ewé àlùbọ́sà lọ ní tiwọn, wọn kò tiẹ̀ gbórí sókè. Wọ́n ní, "Ṣé o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i ni?"