Iná Ọkọ̀ Ojú Irin Bàbá

                                        Ojúlé 8, Òpópónà Akínlabí,
                                        Agége,
                                        Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹta, 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Bọ̀ọ̀dá Mukhtar,

Ṣé dáadáa lẹ wà ní Kàdúná? Àǹtí Modinat ńkọ́, àti Ishaq? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ti fúyẹ́? Mo mọ̀ pé ooru ibẹ̀ kì í ṣeré nínú ààwẹ̀; kí Ọlọ́run gbà á lọ́wọ́ gbogbo wa. Ẹ ó máa rò ó pé kí ló dé tí mi ò fi pè yín lórí fóònù. Ohùn mi ò lè gbé ọ̀rọ̀ yìí, ni mo ṣe mú bírò.

Ẹ rántí ọkọ̀ ojú irin kékeré tí ẹ rà fún Bàbá nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ awakọ̀ rélùwéè. Wọ́n ṣì máa ń tò ó sórí tábìlì ní pálọ̀ lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, tí wọ́n á jẹ́ kó máa yí po. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n pè mí pé iná iwájú rẹ̀ ti kú. Mo ń kánjú lọ síbi iṣẹ́, mi ò tàn án wò. Mo tú súkúrúù abẹ́ rẹ̀, mo ṣí ìdérí, mo sì rí gílóòbù tín-ín-tín bí hóró ìrẹsì, tí dígí rẹ̀ ti dúdú díẹ̀. Mo ní ó ti jó nìyẹn. Mo gé wáyà rẹ̀, mo jù ú sínú báàgì kí n lè fi wá irú rẹ̀.

Mo rí i rà ní Kọ̀m̀pútà Fílẹ́ẹ̀jì, nítòsí ìsọ̀ tí mo ti ń tún fóònù ṣe. Nígbà tí mo délé, mo yọ́ léèdì tí a fi ń lẹ wáyà, mo fi so wáyà rẹ̀ pọ̀, mo fi téèpù dì í kó má baà kan irin, mo tàn án. Ó tàn yòò, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dé ara ògiri. Mo pe Bàbá. Wọ́n tẹjú mọ́ ọn títí.

"Sùlíyá, kò tíì tàn."

Ó ti rẹ̀ mí, ebi ààwẹ̀ sì ń pa mí. Mo ní, "Bàbá, iná tó ń jó yìí lẹ ní kò tàn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣeré." Ohùn líle ni mo fi sọ ọ́, níwájú Alhaji Dàwódù, aládùúgbò wa tó wá kí wọn.

"Má bínú, ọmọ mi," ni Bàbá wí. Wọ́n rọra dá ọkọ̀ náà padà sínú páálí.

Lọ́jọ́ kejì ní ìsọ̀, ọwọ́ mi kan gílóòbù àtijọ́ yẹn nísàlẹ̀ báàgì. Mo kàn fi ẹnu wáyà rẹ̀ kan bátìrì ni. Ó tàn.

Mo pa fóònù tí mo ń tún ṣe tì. Mo rántí àpótí tí Bàbá máa ń fẹsẹ̀ kọ, tí mo máa ń ní kí wọ́n máa wo iwájú. Mo rántí Kùránì tí wọn ò ṣí mọ́, tí mo ní ara àgbà ló dé. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Èmi tí mo ń fi awò wo inú fóònù onífóònù láti àárọ̀ dalẹ́, mi ò wo ojú bàbá mi.

Mo mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn ojú kan ní Ìkẹjà. Dókítà ní ìfúnpá inú ojú wọn ló ga, pé ìríran tó ti lọ kò ní padà mọ́, oògùn tí a ó máa kán sí i ló lè dá èyí tó kù dúró. Ó bi mí pé ta ló ń gbé pẹ̀lú wọn. Mo ní èmi ni. Ó kàn ń kọ̀wé rẹ̀ lọ. Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn.

Nínú kẹ̀kẹ́ tó ń gbé wa bọ̀, mo bẹ Bàbá. Wọ́n di ọwọ́ mi mú.

"Ó pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé ojú mi ń ṣú," ni wọ́n wí. "Mo kàn ń gbàdúrà pé kó jẹ́ gílóòbù ni."

Ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹ bá pè wọ́n, ẹ má bá wọn wí pé wọn ò sọ. Èmi ni kí ẹ bá wí. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró di Iléyá kí ẹ tó wá. Ẹ wá báyìí, kí wọ́n lè rí yín.

Ẹ bá mi kí Àǹtí Modinat, kí ẹ sì gbá Ishaq mọ́ra fún mi. Bàbá ní kí n kí yín púpọ̀.

                                        Èmi àbúrò yín tí ojú ń tì,
                                        Sùlíyá.