Irin Tí Bàbá Wa Fi Gbẹ́ Ọkọ̀

                                        Ẹ̀yìn Ọjà Agbalata,
                                        Badagry,
                                        Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹta, ọdún 2024.

Sagbo, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo ti di ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, mi ò sì gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́, pàápàá ọmọ tí mo pọ̀n. Ara ńkọ́? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún rẹ̀ ti ń gbé e rìn? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ẹ̀fọn ìlú Gbaji yín ò tíì gbé yín lọ tán? Ara tèmi le koko. Ojú ló ń ṣe bàìbàì díẹ̀, ṣùgbọ́n mo ṣì ń rí ibi tí mò ń kọ̀wé sí.

Mo gbọ́ iṣẹ́ tí o rán. O ní àáké bàbá wa tí o yá lọ́wọ́ mi, èyí tí ojú rẹ̀ dábùú bíi ti ọkọ́, o ò ní dá a padà mọ́, ńṣe lo fẹ́ jù ú sínú ọ̀sà. O ní oníwàásù kan ka ìwé Jeremáyà ní ṣọ́ọ̀ṣì yín, pé irú àáké bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń gbẹ́ òrìṣà, bàbá wa náà sì gbẹ́ ère fún àwọn ènìyàn nígbà ayé rẹ̀. O wá gbà mí níyànjú pé kí n jẹ́ kó lọ.

Òótọ́ ni pé ìwé kẹta ni mo kà dé, ṣùgbọ́n mo lẹ́nu láti béèrè. Mo tọ Pásítọ̀ Ọláwọlé lọ, tó kọ́ èdè Hébérù. Ó ní maasádì ni wọ́n ń pe irin náà, àti pé ibi méjì péré ló ti jẹ yọ nínú gbogbo Májẹ̀mú Láéláé. Nínú Aísáyà, alágbẹ̀dẹ ń rọ ọ́ nínú ẹ̀yinná. Nínú Jeremáyà, oníṣọ̀nà ń fi í ṣiṣẹ́ lára igi tí wọ́n gé nínú igbó. Ó ní àwọn ọ̀mọ̀wé ò tíì fẹnu kò bóyá àáké lásán ni tàbí irú tiwa yìí, Bíbélì wa kàn pè é ní àáké ni. Mo bi í bóyá irin náà dẹ́ṣẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín.

"Màmá, ẹni tó ń forí balẹ̀ fún igi ni wòlíì ń bá wí. Irin ò forí balẹ̀ fún nǹkan kan."

Ìyẹn tó mi. Ìwọ náà rò ó wò, kí ni Nóà fi gbẹ́ igi ọkọ̀ tirẹ̀, ṣé eyín ni? Ọkọ̀ tí bàbá fi irin yẹn gbẹ́ ló ń gbé ọ lọ sí ilé ìwé, títí o fi di díákónì tó ń wò mí bí abọ̀rìṣà. A kì í jẹ iṣu tán ká máa bú ọkọ́.

Ọkọ̀ tí Dosi ọmọ mi fi ń pa akàn ti rì. Wọ́n ti gé igi tuntun fún un. Zinsu tí bàbá wa kọ́ níṣẹ́ ti gbẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ tán, inú ló kù, àáké olójú dábùú nìkan ló sì ń gbẹ́ inú ọkọ̀. Ti Zinsu ti kán, àwọn alágbẹ̀dẹ ìsinsìnyí ò rọ irú rẹ̀ mọ́. Igi tútù kì í dúró de èèyàn, bí oòrùn bá mú un, á là. Imọ̀ ọ̀pẹ la fi bò ó, tàárọ̀ tìrọ̀lẹ́ la sì ń bu omi lé e lórí, síbẹ̀ ó ti ń sán lẹ́nu. Bó bá là, ọmọ mi ò níṣẹ́ mọ́ nìyẹn.

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Bá mi kí oníwàásù yín náà, sọ fún un pé mo ní kó wá wọkọ̀ lọ́jọ́ tó bá wù ú.

Láti ọdún tí ọkọ̀ tìrẹ là lo ti yá àáké yẹn. Mi ò fi ta ọ́ lọ́rẹ. Gbé e wá fún mi lọ́jọ́ Sátidé.

                                        Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó pọ̀n ọ́,
                                        Grace Àṣàbí