Irunmú Mi àti Ọkọ̀ Tó Ń Ké

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin

Arúgbó, ọkọ̀ mi, ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Èmi àti Naziha ìyàwó mi ń ti ọjà ẹja bọ̀, ọkọ̀ gun gegele kan — fíín-kọ̀! Gegele kejì — fíín-kọ̀! Bí ẹni tẹ eku mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, mi ò bá a wí. Hamadi mekáníìkì ni mo ń bá wí. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní òdìkejì ilé wa, ó ń fi àkísà nu ọwọ́, ó pariwo kí gbogbo ilé kọfí lè gbọ́: "Tíṣà Hattab, àgbò wo lẹ gbé sínú ọkọ̀ tó ń sunkún báyìí? Ẹ gbé e wá o!"

Èmi tí mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ Bizerte ní yíya àwòrán ẹ̀rọ! Mo ní n óò tún un ṣe fúnra mi, nínú àgbàlá mi. Ó ní kí ni mo fi búra. Ẹnu mi yá ju ọpọlọ mi lọ — mo fi irunmú mi búra. Irunmú tó dàgbà ju Olfa ọmọ wa lọ! Àdéhùn ni pé kí oṣù yìí tó parí, ariwo gbọ́dọ̀ kú, kí n sì gbé nǹkan tó gbó tó ń fa ariwo náà wá sórí tábìlì rẹ̀, kí gbogbo ayé rí i. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ibẹ̀ ni n óò ti fá a.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ karùn-ún

Bíréèkì ni. Ó dá mi lójú. Mo ra páàdì tuntun. Jáàkì gbé Arúgbó sókè, nọ́ọ̀tì mẹ́ta tú, ẹ̀kẹrin kọ̀ jálẹ̀. Mo gun orí sípánà, mo fò. Kò mira. Mo tún fò — sípánà yọ̀, mo bá ara mi láàárín ewé míńtì tí Naziha gbìn fún tíì. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀tì tú! Páàdì àtijọ́ ti tán bí ọṣẹ ìwẹ̀. Èmi nìkan ni mo wa ọkọ̀ yí àdúgbò po lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó dákẹ́ rọ́rọ́. Mo tẹ fèrè níwájú Hamadi.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹfà

Mo gbé Naziha lọ sọ́jà. Fíín-kọ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹwàá

Ṣọ́ọ̀kì iwájú ni. Ó dá mi lójú. Ìyá Naziha dé láti Ras Jebel, ó fẹ́ lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọ̀gágun ni mo ń pè é níhìn-ín, kí Ọlọ́run má jẹ́ kó ka ìwé yìí. Ẹni ọgọ́rin ọdún, ó tín-ín-rín bí ìgbálẹ̀, ohùn rẹ̀ tó ti ọgọ́rùn-ún ọmọ ogun. Ó ní ká gbé àga òun sí àgbàlá, ó fi gíláàsì tíì lé itan, ó ń pàṣẹ.

"Ọkọ ọmọ mi, ibi tí o ti yọ ìyẹn kọ́ lo fẹ́ tì í bọ̀ yẹn."

Mo ní, Ìyá, mo mọ ohun tí mò ń ṣe.

"Mo rí i. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn."

Mo tò ó tán, nọ́ọ̀tì méjì ṣẹ́kù sílẹ̀. Ọ̀gágun ní bóyá ọkọ̀ bímọ ni. Mo ní kó jókòó níwájú, a wà á dé etí òkun, a padà. Kò sí ariwo kankan àfi tirẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlá

Naziha wọ ọkọ̀. Fíín-kọ̀. Kí ni mo fi ṣe ọkọ̀ yìí ná?

Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlá

Gíríìsì tán. Òróró ólífì wà. Àwọn rọ́bà abẹ́ ọkọ̀ ló gbẹ — mo bu òróró tí Ọ̀gágun gbé ti Ras Jebel wá, mo dà á sí gbogbo ibi tí ọwọ́ mi dé. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná, Arúgbó ń rùn bí ilé ẹlẹ́ja díndín. Ológbò mẹ́ta tẹ̀ lé wa láti oríta. Ká tó délé, wọ́n ti di mẹ́jọ. Hamadi: "Tíṣà, ṣé ọkọ̀ yín ti jinná, ká mú búrẹ́dì wá?" Ilé kọfí fẹ́rẹ̀ẹ́ wó.

Ọ̀gágun ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ohun kan ṣoṣo tí òróró yẹn wò sàn nìyẹn.

Ajé, ọjọ́ kejìlélógún

Mo ti pààrọ̀ fáànù-bẹ́ẹ̀tì. Mo ti pààrọ̀ rọ́bà ìdí ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀yìn ń ro mí. Mo wo dígí, mo fọwọ́ pa irunmú mi. Ọjọ́ mẹ́jọ péré.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mo ti rí i! Mo ti rí i — mo gbé!

Naziha rán mi ní àpò àlìkámà lílọ̀ méjì, ńláńlá, fún oúnjẹ kúsíkúsì. Irinṣẹ́ kún búùtù, mo bá kó wọn sórí àga iwájú, ibi tí Naziha máa ń jókòó. Gegele — fíín-kọ̀! Mo dúró. Mo kó wọn sẹ́yìn. Gegele kan náà — ó pa kẹ́kẹ́. Mo kó wọn padà síwájú — fíín-kọ̀! Sípíríǹgì abẹ́ àga ni! Sípíríǹgì lásán-làsàn, ó ti gbó, ó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo jó lójú títì. Obìnrin kan gbé ọmọ rẹ̀ sá lọ sí òdìkejì.

Lẹ́yìn náà ni orí mi wálé. Tí mo bá dá wà, ó ń dákẹ́. Tí Ọ̀gágun bá jókòó síbẹ̀, ó ń dákẹ́. Àpò àlìkámà méjì ló ń mú un ké — àti Naziha.

Ta ni yóò gbé sípíríǹgì yìí sórí tábìlì Hamadi? Lójú ẹsẹ̀ ni wọn yóò bi mí pé ta ní máa ń jókòó síbẹ̀. Títí ayé ni wọn yóò máa pe ìyàwó mi ní Àpò Méjì.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n

Àga àtijọ́ kan wà lókè òrùlé wa tó tẹ́ pẹrẹsẹ, mo yọ sípíríǹgì ara rẹ̀, mo fi rọ́pò. Naziha wọ ọkọ̀. Gegele mẹ́fà, ó pa kẹ́kẹ́. Mo ní ó ti dákẹ́, àbí? Ó ní ó ti dákẹ́. Kò bi mí ohun tó ṣe é. Mi ò sọ.

Ìṣẹ́gun, ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹrin

Ọjọ́ pé. Mo wa Arúgbó dé iwájú ṣọ́ọ̀bù, ó dákẹ́ bí ọmọ tó sùn. Hamadi fọwọ́ lu tábìlì: nǹkan tó gbó náà dà? Ó wà lápò mi, ó ń gún mi nítan. Mo ní mi ò rí nǹkan kan, ó kàn dákẹ́ fúnra rẹ̀ ni. Wọ́n hó yèè. Hamadi fúnra rẹ̀ ò fẹ́ kó dé bẹ́ẹ̀ mọ́: "Ẹ fi sílẹ̀, Tíṣà, eré la ń ṣe. Ẹ ra kọfí fún wa, kó parí síbẹ̀." Mo ní mo ti búra, mo ti búra náà nìyẹn. Mo gba abẹ. Irunmú ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n já bọ́ sínú gíríìsì. Afẹ́fẹ́ òkun fẹ́ sí mi létè, mo sín lẹ́ẹ̀mẹ́rin.

Mo délé. Naziha rí mi, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Inú bí mi. Mo yọ sípíríǹgì náà, mo là á mọ́lẹ̀. Mo ní nítorí tìẹ ni mo ṣe fá a, kí wọ́n má baà fi ọ́ ṣẹ̀sín!

Ó nu ojú. "Bàbá Olfa, mo mọ̀. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ṣé nǹkan lè máa ké lábẹ́ ìdí èèyàn kó má mọ̀ ni?"

Mo ní kí ló dé tí kò sọ.

"Irunmú yẹn ti ń gún mi láti ọjọ́ ìgbéyàwó. Mo bẹ̀ yín títí, ẹ ò gbọ́. Ọlọ́run wá rán Hamadi sí mi."

Bó ti sọ bẹ́ẹ̀ tán ni Ọ̀gágun ti ilé ìdáná jáde, kò wọ awò ojú rẹ̀. Ó dúró níwájú mi. Ó na ọrùn, ó wò mí láti àgbọ̀n dé imú, ó tún ìborí orí rẹ̀ ṣe. Ó ní, "Ta ló gbé dígí sáàárín pálọ̀?"

Naziha wo ìyá rẹ̀. Ó wò mí. Ó tún wo ìyá rẹ̀ — ojú kan náà. Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀.

Ó ní kí n jẹ́ kí irunmú náà bẹ̀rẹ̀ sí í hù padà lónìí, kí oòrùn tó wọ̀.