Àjàrà Bàbá Jìmí

Ọjọ́ Ajé, 3 Fẹ́búárì 1958
Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àfonífojì lónìí. Àkọ́kọ́ látìgbà tí a ti sin ọkọ mi, oṣù mẹ́ta. Ogún igi àjàrà tó gbìn síbi tí wọ́n ti ń fọ góòlù láyé ìjọ́sí — wọ́n ṣì wà láàyè. Orogún mi ni mo ń pè wọ́n. Ọdún mẹ́rin, wọn ò so rí. Kòtò àwọn awagóòlù ṣì wà káàkiri. Inú ọ̀kan nínú wọn ni mo ti kọ́kọ́ rí Bàbá Jìmí, 1934, nígbà tí mo gbóúnjẹ lọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ẹrẹ̀ mù ún dé orókùn. Ó ń rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́bọ̀, 13 Fẹ́búárì
Lẹ́tà Jìmí dé láti Ìbàdàn. Kí n ta ilẹ̀ náà, kí n máa bọ̀ nílé. Ilé wo? Sábó níbí lókè ọya ni wọ́n bí mi sí.

Ọjọ́ Ìsinmi, 23 Fẹ́búárì
Òdòdó! Málàm Súlè tó bá Bàbá Jìmí fọ góòlù, tó sì bá a tọ́jú àjàrà, ló fi hàn mí. Wọ́n kéré bí orí abẹ́rẹ́. Mo bú sẹ́kún.
“Haba, Màmá Jìmí! Ẹkún kọ́ ni wọ́n ń fẹ́, omi ni.”

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Máàṣì
Omi. Omi. Èjìká ń ro mí.

Ọjọ́rú, 19 Máàṣì
Mo bi Málàm léèrè: góòlù tán, gbogbo wọn lọ, kí ló dá ọkọ mi dúró?
Ó ní, “Ó sọ fún mi pé ibi tóun ti rí yín, òun ò ní jẹ́ kó di igbó.”
Gbogbo ìjà tí mo bá a jà nítorí ilẹ̀ yìí! Kò sọ fún mi rí.

Ọjọ́ Ẹtì, 4 Épírì
Jìmí wá ṣọdún Àjíǹde. Ó ti rí ẹni tó máa ra ilẹ̀. Kò bi mí.

Ọjọ́ Ajé, 7 Épírì
Mo mú Jìmí lọ sí àfonífojì. Àjàrà ti so. Mo já àjàrà fún un. Ó jẹ ẹ́, ojú rẹ̀ hunjọ.
“Ìyá mi, ó mà kan o!”
A rẹ́rìn-ín títí. Àfi bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún — òun tí kò sunkún níbi ìsìnkú.
Nígbà tó yá, ó ní, “Ẹ ò ní bá mi lọ, àbí?”
Mo ní rárá. Kó máa kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá kí mi nígbà ìsinmi.
Ó wọ rélùwéè ọ̀sán. Mo dúró ní téṣàn títí mi ò fi gbọ́ ìró rẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ ni mo ti yà sọ́dọ̀ Málàm Súlè, mo ní kó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gé ẹ̀ka àjàrà.