Wọ́n Ní Àbùùbùtán Ń Gbé Ọ̀sà Bàrígà

Ọjọ́ Ajé, 7 Oṣù Kẹjọ, 2000
Iṣẹ́ tuntun dé ọ́fíìsì ayamáàpù wa ní Palmgrove. Àwọn aláàánú òkè òkun fẹ́ kí á ya máàpù ibi tí àbùùbùtán, ẹran omi tó tóbi ju gbogbo wọn lọ, ti ń bímọ nínú òkun wa, kí ọkọ̀ ńlá má baà máa kọlù wọ́n. Èmi ni n óò yà á. Inú mi dùn — mo gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán.

Ọjọ́rú, 9
Ọnarébù àdúgbò wa wá. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ pé àbùùbùtán ní wọ́ọ̀dù. Ó ní Lẹ́kí ní tiwọn, Badagry ní tiwọn, Bàrígà ńkọ́? Mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀sà Bàrígà ò jìn, ibú òkun ni wọ́n ń gbé. Ó ní, "Sístà, ìjọba alágbádá la wà yìí. Èrè rẹ̀ gbọ́dọ̀ kárí." Ọ̀gá wa Moshood — Bẹ́ẹ̀ni-Sà ni mo ń pè é — mi orí títí, ọrùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 10
Mo yà á bó ṣe yẹ, jìnnà sí ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ni-Sà fúnra rẹ̀ fa ìlà róbótó yí ọ̀sà Bàrígà ká lórí máàpù mi.

Ọjọ́ Ajé, 14
Ẹ̀gbọ́n mi Látífàt, tí wọ́n ń yan ẹja létí omi Bàrígà, sunkún wọlé. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn Ọnarébù ti kó àwọ̀n ọkọ wọn lọ! Wọ́n ní máàpù ti sọ pé ibùgbé àbùùbùtán ni, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pẹja níbẹ̀ mọ́ — àfi ẹni tí Ọnarébù bá fún láṣẹ. "Bísí, ta ló ya máàpù ọ̀hún?"

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15
Mo tún máàpù náà yẹ̀ wò; ìlà Bẹ́ẹ̀ni-Sà ṣì wà níbẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 18
Sabina dé, ẹni tí àwọn aláàánú rán wá yẹ iṣẹ́ wa wò. Mo sọ òótọ́ fún un lójú Bẹ́ẹ̀ni-Sà. Bẹ́ẹ̀ni-Sà ní ibà ló ń ṣe mí, òun ló ń mú mi sọ̀sọkúsọ. Ọnarébù, tó bá wa níbẹ̀, ní kí gbogbo wa lọ wo ọ̀sà náà. Ọkọ̀ ojú omi wa ò tíì jìnnà tó fi há sínú ẹrẹ̀. Ọnarébù sọ̀ kalẹ̀ láti tì í — omi ò kan orúnkún rẹ̀. Sabina bi í pé ibo wá ni àbùùbùtán ń sùn sí. Ó nu ẹrẹ̀ lára agbádá, ó ní: "Wọ́n ti lọ ṣèpàdé l'Ábújá."

Ọjọ́ Ajé, 21
Wọ́n dá àwọ̀n padà. Wọ́n dá mi dúró níṣẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, 27
Sabina mú mi dání lọ sórí òkun. Ilẹ̀ ò hàn mọ́. Èébì gbé mi. Lójijì, ẹ̀yìn dúdú kan yọ, gbọọrọ, omi tú sókè fùùù. Ọmọ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí n tó mọ̀, mo ti ń pariwo, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá wò ó!" — bí ẹni pé wọ́n lè gbọ́ mi ní Bàrígà.