Bóòtù Alùpùpù Ẹ̀gbọ́n Ọmọ́wùmí

Ojúlé Kẹrìnlá,
Òpópónà Ọládòṣù,
Òṣòdì, Èkó.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹwàá, ọdún 1976.

Olúyínká, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́? Ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá yín ti fúyẹ́? Ẹ kú òjò o, mo gbọ́ pé ó ń rọ̀ gan-an ní Òṣogbo. Ní tèmi, ara le, àmọ́ inú ń bí mi gan-an.

O mọ Ọmọ́wùmí tí mo fẹ́ fi ṣaya. Bàbá wọn ti kú. Bọ̀ọ̀dá Akíntáyọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló dúró bíi bàbá fún un. Òun ni ọ̀gá àwọn tó ń di ẹrù sí lọ́rì ní ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Ìsọlọ̀. Ọkùnrin gìrìpá ni, apá rẹ̀ tó itan mi. Nígbà tí owó Údójì dé, tí wọ́n fi kún owó oṣù òṣìṣẹ́, alùpùpù ló fi tiẹ̀ rà. (Má bá mi wí pé mi ò pọ́n ọn lé nínú lẹ́tà yìí. Ìbínú ni.)

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún alùpùpù ṣe, pé kíláàṣì rẹ̀ ń yọ̀, kì í fa táyà dáadáa mọ́. Inú mi dùn, mo ní àyè gbà mí láti wá ojúure àna. Mo pààrọ̀ awo inú rẹ̀, mo dá àwọn bóòtù padà, mo wá mú sípánà oníwọ̀n tí ọ̀gá wa fún mi lọ́jọ́ fíríìdọ̀mù, èyí tó máa ń dún kẹ́ tí bóòtù bá ti le tó. Ó dún, mo dáwọ́ dúró.

Haa! Bọ̀ọ̀dá ní kí ló dé tí mo fi dúró, òun ò tíì rí òógùn lójú mi. Yínká, bí gbogbo oníbàárà Òṣòdì ṣe rí nìyẹn! Tí o ò bá fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ sípánà, kí o máa mí hẹlẹhẹlẹ, wọ́n á ní o ò ṣiṣẹ́. Mo rọra ṣàlàyé pé bóòtù yẹn tín-ín-rín, tó bá le jù, á kán. Ó bú sẹ́rìn-ín: "Ṣé agbára tí o máa fi bọ́ àbúrò mi náà nìyí?" Ó gba sípánà ńlá, ó dè é, ó tún dè é. Kàú! Orí bóòtù já bọ́ sílẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé èmi ló tún bú? Ó ní ayédèrú bóòtù ni mo lò, èmi tí mo dá tiẹ̀ gan-an padà sí i! Àna ẹni ni! Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ọ́ìlì, mo ní kó má bínú. Ó ṣì ń dùn mí di báyìí.

Mo ti yọ èyí tó kán síbẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ló máa gbé bóòtù tuntun wá. Ó ní ọwọ́ òun lòun máa fi dè é, kí n dúró kí n kọ́ṣẹ́, lẹ́yìn náà lòun á dá ọjọ́ ìdána. Tí mo bá dí òun lọ́wọ́, kí n wá ìyàwó lọ síbòmíràn. Ọmọ́wùmí ní kí n sáà gbà fún un. Kò mọ̀ pé tí bóòtù tó le jù bá já lórí eré, ó lè kó sáàárín jíà, kí táyà há gbáú lójijì. Ọ̀nà Ìsọlọ̀ sì ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gbà láràárọ̀, láàárín àwọn tírélà.

Mo ti rò ó títí. Màá gba sípánà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Kó bú mi, kó gbá mi létí, mi ò lè torí pé mo fẹ́ fẹ́ Ọmọ́wùmí kí n sọ ọ́ di ẹni tí ò ní ẹ̀gbọ́n mọ́.

Bá mi kí gbogbo ilé. Mo gbọ́ pé ìyá mi ti ń ra iṣu ìdána jọ. Tó o bá dé ọ̀dọ̀ wọn, jọ̀wọ́, ní kí wọ́n dúró ná.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí kò yẹ̀,
Ọlálérè.