Ohùn Ìgbín Nínú Fídíò

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kejì
Mo ti rí oògùn ìwé kíkà fún àwọn ọ̀lẹ akẹ́kọ̀ọ́ mi. Mo ní, "Ẹ ka orí kan nínú ìwé ìtàn wa, kí ẹ fi ṣe fídíò." Gbogbo kíláàsì dìde bí ẹni tí wọ́n pè wá jẹun. Àfi Ìgbín — ọmọbìnrin tuntun tó ń jókòó lẹ́yìn. Inú ìwé ìrántí mi yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó fi ọwọ́ bojú.

Ọjọ́bọ̀, 6 Oṣù Kejì
Ìyá Ìgbín wá. Aránṣọ ni, òwú ṣì lẹ̀ mọ́ ọn láṣọ. Ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ojú ọmọ mi ò gbọdọ̀ hàn nínú fídíò kankan. Bàbá ẹ̀ ń wá wa kiri." Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè kí n lè rí ohun tí ọkùnrin náà ṣe. Mi ò lè kọ ọ́ síbí. Mo ṣèlérí fún un.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Oṣù Kejì
Ọ̀nà là. Àwọn yòókù á máa ṣeré níwájú fóònù, Ìgbín á máa ka ìtàn náà láti ẹ̀yìn. Ohùn rẹ̀ ò ròkè. Mo bẹ̀ ẹ́ kó gbé e sókè. Ó tún kà. Ó tún kà. Agogo ìparí ẹ̀kọ́ dún, kò fẹ́ relé — ṣé òun lè mú ìwé náà lọ? Ọmọ tí kì í ṣí ìwé. Inú mi dùn, síbẹ̀ ọkàn mi ò balẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Oṣù Kejì
Fídíò parí. Mo wò ó títí, bóyá ojú rẹ̀ hàn nínú gíláàsì fèrèsé. Kò hàn. Kí n tó mọ̀, Ọ̀gá wa ti fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù àwọn òbí, orúkọ iléèwé gàdàgbà lókè. Mo lọ bá a. Ọ̀gá ń rẹ́rìn-ín, ó ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ṣebí ojú ọmọ ò hàn.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Oṣù Kejì
Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní ìlú mìíràn fi fídíò náà ránṣẹ́ sí mi. Ó ń béèrè ẹni tó ni ohùn dídùn yẹn.
Ohùn. Ojú la pamọ́, a gbàgbé ohùn. Bàbá wo ni kò ní dá ohùn ọmọ rẹ̀ mọ̀?

Ọjọ́ Ajé, 17 Oṣù Kejì
Mo sọ fún ìyá rẹ̀. Kò bínú. Ìyẹn ló dẹ́rù bà mí jù. Ó jókòó lórí àga ọmọdé, ó ní, "Ó ti rẹ̀ mí, tíṣà. A máa kó lọ lópin ọ̀sẹ̀."

Ọjọ́rú, 19 Oṣù Kejì
Aṣọ́nà iléèwé ló wá sọ fún mi. Ọkùnrin kan wà ní géètì, ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní òun wá dúpẹ́ lọ́wọ́ tíṣà tó kọ́ ọmọ òun ní ìwé kíkà.
Mo sáré lọ sí yàrá ìkówèésí. Ìgbín wà níbẹ̀, ó ń ka orí tó kẹ́yìn sókè, fèrèsé ṣí sílẹ̀ gbayawu. Mo ti fèrèsé, mo ti ilẹ̀kùn. Mo pe ìyá rẹ̀, mo pe ọlọ́pàá. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀. A jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn pẹpẹ ìwé. Mo ń kọ èyí bí a ṣe ń dúró dè wọ́n.
Ó rí i pé ẹ̀rù ń bà mí. Ó ṣí ìwé náà, ó fẹ́ kà á fún mi kí ara mi lè balẹ̀. Èmi tí mo ti ń bẹ̀ ẹ́ kó gbé ohùn sókè — mo fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu.